Náílọ́ọ̀nù oògùn tí wọ́n dà sí ààtàn: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ aláró kan ní Òṣogbo

Ní oṣù Ògún, nígbà tí èrò ọdún Ọ̀ṣun ti gba ìlú kan, wọ́n gbé obìnrin ẹni ọdún 52 kan wọ yàrá pàjáwìrì ní Òṣogbo. Aláró ni. Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ló ti ń pa àdìrẹ láró, ó sì ní ìsọ̀ ní Ọjà Ọba. Kò lè dá jókòó. Bí wọ́n bá gbé e nàró, òòyì á kọ́ ọ, á tún wó padà. Ó ti ń bì fún ọjọ́ mẹ́ta, inú ń run ún, ara rẹ̀ sì gbóná. Ibà ni ará ilé pè é. Wọ́n ti gún un ní abẹ́rẹ́ ibà lẹ́ẹ̀mejì, kò gbọ́.

Ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 80/50. Ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 124 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbóná ara 38.4, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ 56 mg/dL. Àyẹ̀wò ibà kò rí kòkòrò kankan. Nígbà tí èsì iyọ̀ ara dé, sodium jẹ́ 127 mmol/L, ó ti wálẹ̀; potassium 4.3, ó wà bó ṣe yẹ. Ẹ fi 4.3 yẹn sọ́kàn, a ó padà sí i.

Àìsàn yìí kò bá ìrísí rẹ̀ mu. Ẹni tó ń bì tí ìfúnpá rẹ̀ ti wálẹ̀ báyìí sábà máa ń rù. Ojú obìnrin yìí yí róbótó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ pọ́n, ọ̀rá kó jọ sẹ́yìn ọrùn, ikùn yọ síta, bẹ́ẹ̀ ni apá àti itan tín-ín-rín. Ìlà fífẹ̀ aláwọ̀ àlùkò wà ní ìhà méjèèjì. Awọ apá fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, ibi tí wọ́n we okùn ìfúnpá mọ́ sì ti ṣẹ̀jẹ̀ sábẹ́ awọ. Ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún wú, ó sì ń ṣọyún: omi kọ́sítíìkì sódà tí wọ́n ń pò mọ́ aró ló jẹ ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, kò sì jinná láti ìgbà náà.

Ìbéèrè pé “ṣé màmá ń lo sítẹ́rọ́ìdì?” kò mú èsì wá. Ta ló mọ orúkọ yẹn lọ́jà? Oògùn tó ń ṣe iṣẹ́ cortisol, họ́mọ̀nù tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, ni. Èyí tó mú èsì wá ni: “Ẹ bá wa kó gbogbo ohun tí wọ́n ń lò nílé wá, àgbo, àgúnmu, oògùn inú náílọ́ọ̀nù, ẹ má fi nǹkan kan sílẹ̀.”

Ohun tó wà nínú náílọ́ọ̀nù

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí oríkèé ìka ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì àti ọrùn ọwọ́ ti ń wú. Láràárọ̀ wọn á gan fún ohun tó lé ní wákàtí kan kó tó lè di ìdì aṣọ. Lóṣù 14 sẹ́yìn, olóògùn kan po oògùn pọ̀ fún un: “Mama, ẹ lo ọ̀kan láràárọ̀, ẹ ó fún aṣọ bí ọmọge.” Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ìrora ti lọ. Oúnjẹ ń wù ú jẹ. Àwọn aládùúgbò ń kí i pé ara rẹ̀ ń dán.

Náílọ́ọ̀nù méjì péré ló kù, ó há sábẹ́ ìrọ̀rí. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni hóró funfun kékeré mẹ́rin wà, pẹ̀lú kápúsù kan àti hóró B-complex. Nígbà tí wọ́n pe olóògùn náà lórí fóònù, ó sọ ọ́ láìjiyàn: dexamethasone 0.5 mg mẹ́rin (sítẹ́rọ́ìdì ni), piroxicam 20 mg (oògùn ìrora), àti fítámìnì.

Dexamethasone 2 mg lóòjọ́ ni àpapọ̀ rẹ̀, ó sì yẹ ká ṣírò rẹ̀ nítorí pé hóró náà kéré tó fi ń tan ènìyàn jẹ. Iṣẹ́ tí dexamethasone 0.75 mg ń ṣe ni prednisolone 5 mg ń ṣe, òun náà ni hydrocortisone 20 mg ń ṣe; sítẹ́rọ́ìdì ni gbogbo wọn. Nítorí náà, 2 mg yẹn tó prednisolone bíi 13 mg, tàbí hydrocortisone bíi 53 mg. Ẹni tí ara rẹ̀ kò lè ṣe cortisol rárá, hydrocortisone 15 sí 25 mg lóòjọ́ là ń fi rọ́pò rẹ̀ fún un. Aláró yìí ń gbé ìlọ́po méjì rẹ̀ mì, ó lé ní ọdún kan.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin wálé fún ọdún Ọ̀ṣun, ó rí ojú ìyá rẹ̀, ó pariwo: “Màámi, oògùn yìí ló ń wú yín!” Ó kó èyí tó rí dà sí ààtàn lọ́jọ́ náà. Òótọ́ ló sọ. Dídá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà ló mú wàhálà wá.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, nítorí pé iṣẹ́ dexamethasone máa ń kù nínú ara fún wákàtí 36 sí 54. Ọjọ́ kẹta, oríkèé wú ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ọjọ́ kẹrin, èébì bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kẹfà ni wọ́n gbé e dé. Àlàfo ọjọ́ méjì yẹn ni kì í jẹ́ kí ará ilé so dídá oògùn dúró pọ̀ mọ́ àìsàn tó tẹ̀ lé e.

Fèrè ọdẹ

Nínú awọ fẹ́lẹ́ tó bo inú oríkèé ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ń gbé tí iṣẹ́ wọn jọ ti ọdẹ àdúgbò. Macrophage ni wọ́n ń pè wọ́n. Bí wọ́n bá rí kòkòrò tàbí sẹ́ẹ̀lì tó fọ́, wọ́n á fọn fèrè. Nínú irú làkúrègbé tí ara ń bá ara rẹ̀ jà, ọdẹ á máa fọn fèrè sí onílé. Kẹ́míkà ni fèrè náà: TNF, IL-1, IL-6, IL-8 àti àwọn mìíràn tí àpapọ̀ orúkọ wọn ń jẹ́ sáítókáìnì. TNF àti IL-1 ló ń mú kí ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ là, kí omi àti sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun jò wọ oríkèé, ìyẹn ni wíwú tí ojú rí. IL-8 ń pe neutrophil, àwọn sẹ́ẹ̀lì ajagun tó máa ń kọ́kọ́ dé. IL-6 ń gba ẹ̀dọ̀ lọ, ó ń mú kó tú CRP, prótéènì tó ń fi hàn pé ìjà wà nínú ara, sẹ́jẹ̀. IL-1 tún ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ṣe ẹ́ńsáìmù COX-2, òun ló ń ṣe prostaglandin tó ń jẹ́ kí ìfọwọ́kàn lásán dunni.

Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú fèrè yìí kò sí lápò ọdẹ tẹ́lẹ̀, ó ní láti rọ ọ́. Àṣẹ bí wọ́n ṣe ń rọ ọ́ wà nínú jíìnì, prótéènì tó ń jẹ́ NF-kappaB ló sì ń ṣí ìwé àṣẹ náà. Nígbà àlàáfíà, prótéènì mìíràn, IkappaB, á di NF-kappaB mú síta kókó sẹ́ẹ̀lì, ibi tí jíìnì wà. Bí ewu bá dé, sẹ́ẹ̀lì á ba IkappaB jẹ́, NF-kappaB á wọ inú kókó, á bà lé jíìnì TNF àti ti àwọn yòókù, rírọ á bẹ̀rẹ̀.

Ibẹ̀ ni sítẹ́rọ́ìdì ti ń dá sí i. Ara kòlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ni a ti ń ṣe cortisol, ìran ọ̀rá ni, nítorí náà kò kanlẹ̀kùn kó tó gba ara sẹ́ẹ̀lì wọlé. Prótéènì olùgbà kan ń dúró dè é nínú ilé. Bí wọ́n bá ti dì mọ́ra, àwọn méjèèjì á jọ wọ inú kókó. Wọ́n á ká NF-kappaB mọ́ ẹnu iṣẹ́, wọ́n á pe ẹ́ńsáìmù HDAC2 wá láti ká okùn DNA pọ̀ gírígírí níbẹ̀, jíìnì fèrè á sì dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń pa AP-1, ẹnìkejì NF-kappaB, lẹ́nu mọ́. Wọn kò ní dúró síbẹ̀, wọ́n tún ń ṣí àwọn jíìnì tó ń dènà ìjà: annexin A1, tí kì í jẹ́ kí phospholipase A2 tú ohun èlò prostaglandin sílẹ̀, MKP-1 àti GILZ, tó ń pa ìròyìn ewu rẹ́ lójú ọ̀nà, IkappaB fúnra rẹ̀, àti tristetraprolin, tó ń mú kí ìwé àṣẹ TNF tètè ya kí wọ́n tó kà á.

Nítorí pé inú jíìnì ni ìpín tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí wà, wákàtí ló ń gbà, kì í ṣe ìṣẹ́jú. Ibẹ̀ làwọn kan ti ń ṣì í lò: wọ́n á gbé hóró mì ní aago méje, ní aago mẹ́jọ wọ́n á ní kò jẹ́, wọ́n á fi méjì lé e.

Sítẹ́rọ́ìdì gba fèrè lọ́wọ́ ọdẹ, ṣùgbọ́n kò kọ́ ọdẹ náà bí a ṣe ń dá onílé mọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni èyí ti hàn. Ní oṣù September 1948, Philip Hench àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà fún obìnrin kan tí irú làkúrègbé yìí ti sọ di aláìlèrìn ní cortisone. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ń rìn. Hench, Kendall àti Reichstein gba ẹ̀bùn Nobel ní 1950. Ṣùgbọ́n bí oògùn bá ti dúró, àìsàn á padà. Bí ó bá sì pẹ́ lára, ojú á wú, awọ á fẹ́lẹ́.

Ìjánu tó já

Sáítókáìnì kì í jókòó sí oríkèé nìkan. IL-1, IL-6 àti TNF ń bá ẹ̀jẹ̀ gòkè lọ sí ọpọlọ. Ọpọlọ á fi họ́mọ̀nù CRH ránṣẹ́ sí ẹṣẹ́ (ẹ̀yà ara tó ń tú họ́mọ̀nù jáde) pituitary lábẹ́ rẹ̀, pituitary á fi ACTH ránṣẹ́ sí ẹṣẹ́ adrenal méjì tó dé orí kíndìnrín bí fìlà, adrenal á tú cortisol jáde, cortisol náà á lọ gba fèrè lọ́wọ́ ọdẹ. Bí ara tó yá ṣe ń fa ìjánu ìjà rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí dexamethasone ń wọlé láràárọ̀ fún oṣù 14, ọpọlọ rò pé cortisol ti pọ̀ tó. Kò rán CRH mọ́, ACTH gbẹ, adrenal sì súnkì bí iṣan ẹni tí wọ́n fi símẹ́ńtì di ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tí náílọ́ọ̀nù dé ààtàn, ìjánu ti òde lọ, ìjánu ti inú kò sì sí mọ́. Ìka tó ń ṣọyún wá rọ sáítókáìnì jáde láìsí ẹni tó máa dá a dúró. Sáítókáìnì mú kí ara iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe nitric oxide lápọ̀jù, iṣan fẹ̀. Láìsí cortisol, iṣan kì í gbọ́ràn sí adrenaline lẹ́nu dáadáa. Ìdí 80/50 nìyẹn. Ẹ̀dọ̀ tó yẹ kó fi àṣẹ cortisol ṣe ṣúgà nígbà tí oúnjẹ kò dúró nínú kò ṣe tó. Sodium wálẹ̀ nítorí pé ara ń di omi mú ju bó ṣe yẹ lọ.

Potassium dúró sí 4.3 nítorí pé aldosterone, họ́mọ̀nù tó ń ṣọ́ potassium, ti kíndìnrín ló ń gbọ́, kì í ṣe ti ACTH. Bí adrenal fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́, bí ikọ́ ẹ̀gbẹ ṣe máa ń bà á jẹ́, potassium á gòkè, àtẹ́lẹwọ́ àti èrìgì á sì dúdú. Èrìgì obìnrin yìí pupa bó ṣe yẹ. Dókítà tó ń dúró de potassium gíga kó tó gbà pé adrenal ló kọṣẹ́ yóò pàdánù irú aláìsàn yìí.

Wákàtí àkọ́kọ́

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ fún cortisol, fún iyọ̀ ara, fún kíka sẹ́ẹ̀lì àti fún wíwá kòkòrò. Wọn kò dúró de èsì kankan. Hydrocortisone 100 mg wọ iṣan lọ́gán. Omi iyọ̀ 0.9% lítà kan wọlé láàárín wákàtí kan, ìkejì sì tẹ̀ lé e ní ìrọ̀rùn. Dextrose 50% mílílítà 50 gba iṣan ńlá wọlé díẹ̀díẹ̀. Wọ́n la ìka náà, ọyún jáde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ cloxacillin, oògùn apakòkòrò, sínú iṣan. Lẹ́yìn náà, hydrocortisone 50 mg ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà.

Kí abẹ́rẹ́ yẹn tó wọlé, ọmọ rẹ̀ di ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú. “Oògùn tó fẹ́ pa màmá mi lẹ tún fẹ́ fún wọn?” Ìbéèrè tó yẹ ni, dídáhùn rẹ̀ kò sì gba ju ìṣẹ́jú kan lọ: “Ẹni tó ti ń fi ọ̀pá rìn fún ọdún kan ni wọ́n, ẹsẹ̀ ti rọ. Ẹ já ọ̀pá gbà lójijì, wọ́n ṣubú. A ó dá ọ̀pá padà fún wọn lálẹ́ yìí. Tó bá yá a ó máa gé e kúrú díẹ̀díẹ̀.” Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ náà. Lẹ́yìn wákàtí kan àti ààbọ̀, ìfúnpá di 104/66, obìnrin náà sì béèrè omi ẹ̀kọ.

Oríṣi àṣìṣe mẹ́ta ló wọ́pọ̀ níbí. Àwọn kan ń fún irú aláìsàn yìí ní dextrose 5% nìkan, omi rẹ̀ á tún fa sodium wálẹ̀ sí i. Àwọn kan ń lo dexamethasone dípò hydrocortisone nítorí òun ló wà lórí pẹpẹ. Bí kò bá sí òmíràn, ó sàn ju òfo lọ, àmọ́ kì í bá ara di iyọ̀ mú. Àwọn kan ń gún hydrocortisone lẹ́ẹ̀kan, ara á yá, wọn á gbàgbé, kí ilẹ̀ tó mọ́ aláìsàn á tún ti wó. Ó tún yẹ kí wọ́n ṣọ́ sodium kó má ṣe fi ju 8 sí 10 mmol/L lọ gòkè ní wákàtí 24, torí bó bá yára jù, ọpọlọ ló máa jìyà.

Èsì cortisol tí wọ́n fà lálẹ́ náà dé ní ọjọ́ kẹta: 2.1 µg/dL. Ẹni tí ara rẹ̀ wà nínú irú ewu bẹ́ẹ̀ yẹ kó ju 18 lọ. Èèyàn lè gba nọ́ńbà yìí gbọ́, nítorí pé ẹ̀rọ tó ń wọn cortisol kì í ka dexamethasone mọ́ ọn. Prednisolone lè da á rú, hydrocortisone sì jẹ́ cortisol gan-an, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó gún un. Nínú kíka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, eosinophil, irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan, jẹ́ 9%, ó pọ̀. Lára ẹni tí sítẹ́rọ́ìdì ṣì ń ṣiṣẹ́, eosinophil máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, neutrophil á sì pọ̀ nítorí pé wọ́n jọ̀wọ́ ara ògiri iṣan tí wọ́n lẹ̀ mọ́. Èyí tó pọ̀ lọ́nà yẹn ni wọ́n sábà máa ń kà sí àrùn kòkòrò.

Eosinophil tó pọ̀ tún lè jẹ́ ti aràn. Àyẹ̀wò ìgbẹ́ kò rí aràn, síbẹ̀ wọ́n fún un ní ivermectin 15 mg, ìyẹn hóró 3 mg márùn-ún fún ìwọ̀n 74 kg. Aràn kan tó ń jẹ́ Strongyloides lè fara pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àyẹ̀wò ìgbẹ́ kan ṣoṣo sì máa ń fò ó. Bí sítẹ́rọ́ìdì bá ti gba fèrè lọ́wọ́ ọdẹ, aràn náà lè tàn ká gbogbo ara kó pani. Fọ́tò àyà mọ́, kò sí HIV, kò sí àrùn ẹ̀dọ̀ B. Rheumatoid factor, àmì irú làkúrègbé yìí nínú ẹ̀jẹ̀, wà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ (hemoglobin) jẹ́ 9.8 g/dL, ó kéré, wọ́n sì dá piroxicam dúró, wọ́n fún un ní omeprazole: piroxicam pẹ̀lú sítẹ́rọ́ìdì lójú kan náà ń dá ọgbẹ́ sínú ikùn.

Àkíyèsí kan níbí: nǹkan oṣù obìnrin yìí dá ní ọdún kan ṣáájú kí oríkèé tó bẹ̀rẹ̀. Irú làkúrègbé yìí ń mú obìnrin ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ju ọkùnrin lọ, ó sábà máa ń rọlẹ̀ nínú oyún, á sì tún gbéra lẹ́yìn ìbímọ. Estrogen, họ́mọ̀nù obìnrin, náà sítẹ́rọ́ìdì ni, àwọn sẹ́ẹ̀lì ajagun sì ní olùgbà tiwọn fún un. A kò ní fi ìyẹn tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó bá ìtàn rẹ̀ mu.

Oṣù mẹ́sàn-án

Ọjọ́ kẹsàn-án ló kúrò nílé ìwòsàn, pẹ̀lú prednisolone 15 mg láràárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Àárọ̀ ni, nítorí pé àárọ̀ ni cortisol ti ara máa ń ga jù. Bí wọ́n bá lò ó lálẹ́, kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn, ó sì ń pa ACTH ọjọ́ kejì. Èyí tó ń tọ́jú làkúrègbé náà gan-an ni methotrexate 10 mg, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní ọjọ́ Ajé, pẹ̀lú folic acid 5 mg ní ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n kọ “ỌJỌ́ AJÉ NÌKAN” gàdàgbà sára ike rẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ lè kú. Ó ń gba ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 kó tó ṣiṣẹ́, prednisolone ló ń di àlàfo yẹn.

Prednisolone ń wálẹ̀ ní 2.5 mg ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta títí ó fi kan 5 mg. Láti ibẹ̀, 1 mg lóṣù. Fífi abẹ gé hóró 5 mg kì í dọ́gba, hóró 1 mg ló yẹ kí wọ́n wá. Ní oṣù kẹrin, ibà gidi mú un, àyẹ̀wò sì jẹ́rìí sí i. Ó ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ ọ: ó sọ 5 mg di 10 mg fún ọjọ́ mẹ́ta tí ara gbóná, ó sì padà sí 5. Bó bá jẹ́ pé ó ń bì ni, hóró kò ní dúró nínú, ilé ìwòsàn ni ì bá lọ gba abẹ́rẹ́.

Ní oṣù kárùn-ún, nígbà tó ń lo 4 mg, wọ́n wọn cortisol rẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ kó tó gbé ti ọjọ́ náà mì: 6.3. Bí ó bá wà lábẹ́ 5, adrenal ṣì ń sùn. Bí ó bá ju 10 lọ, ó ti jí. Àárín méjèèjì ni tirẹ̀ wà, wọ́n sì fi í sílẹ̀ sórí 4 mg. Ó rẹ̀ ẹ́, ó ní oògùn náà ti sú òun. Ní oṣù kẹsàn-án ó di 11.4, wọ́n sì dá prednisolone dúró. Ìwọ̀n rẹ̀ ti di 65 kg. Methotrexate ń lọ, ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ń ní àyẹ̀wò lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ó sì ń fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà gígùn po kọ́sítíìkì sódà.

Káàdì kan wà lẹ́yìn fóònù rẹ̀, nínú ike tó bò ó, kò sì ní yọ ọ́ kó tó pé ọdún kan lẹ́yìn hóró tó kẹ́yìn: “Mo lo sítẹ́rọ́ìdì fún ìgbà pípẹ́. Bí mo bá ń bì, bí mo bá dákú, bí ẹ bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún mi: hydrocortisone 100 mg sínú iṣan tàbí sínú ẹran, àti omi iyọ̀, kí ẹ tó ṣe ohun mìíràn.”